Ìlẹ̀kẹ̀ Àìpèlẹ́jọ́

Àrínpé kí wọn pé ẹ káàárọ̀ o, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó tún wọn kí, ó fi ẹ kú ìjókòó lé e. Kàkà kí wọ́n dáhùn, ṣe ni ìyá kan tó jókòó sétí àga gígùn fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra kí ó má baà kan tirẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà kún fọ́fọ́ fún aboyún, fún ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, fún àwọn àgbàlagbà tí ooru ti gba okun ara wọn. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n ti ń bú ìjọba, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín kí ọkọ̀ okùn tó ń gun òkè Ìdànrè tó já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni wọ́n rí tí gbogbo wọn fi dákẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ ẹyọ kan ni. Kò tóbi ju èkùrọ́ lọ, iná àwọ̀ ewé kan sì wà nínú rẹ̀ tí kì í kú, yálà ẹni tó fi í sọ́rùn jí tàbí ó sùn.

Bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀ yí ojú sí ara ògiri níbi tí Etí wà. Etí wà ní gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ láti ìgbà tí omi òkun ti lé ayé gun orí òkè. Ó funfun báláú, ó rí bí ìdajì igbá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń fẹjọ́ sùn, ẹjọ́ á sì ti dé iwájú adájọ́ kí olóhùn tó panu dé.

"Etí," ni bàbá náà wí, "obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yìí ló ti ilé ìtọ́jú eyín ọmọ mi pa ní ìsàlẹ̀ òkè. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọmọ mi. Mo fẹ́ pe obìnrin náà lẹ́jọ́."

"Etí kò gbọ́," ni Etí wí, pẹ̀lú ohùn tútù nini.

Bàbá náà bojú wo àwọn tó jókòó. "Àbí n kò pariwo tó ni?"

"Ẹ pariwo tó, bàbá," ni ìyá tó fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan dáhùn. "Ìlẹ̀kẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Aláìpè ni. Kò sẹ́ni tó lè pè é lẹ́jọ́, ìbáà tilẹ̀ gún yín lọ́bẹ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, tó bá ti ní iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ lòun ń ṣe."

Àrínpé kò bá wọn jà. Ó mọ ilé ìtọ́jú eyín tí bàbá náà ń sọ. Àga kan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fi òdòdó pupa kan sójú fèrèsé. Ní ilé Ìgbìmọ̀ Ìwé-Àṣẹ Ìṣègùn, wọ́n kọ́ àwọn aṣèwádìí pé kí wọ́n má máa rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú òǹtẹ̀ Ìgbìmọ̀ jáde, ó sì gba àárín wọn kọjá lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ.

Obìnrin kan ti dúró síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Ráfátù ni, ó sanra, ó ga, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ká apá méjèèjì sí àyà.

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn."

"Dókítà Akínfẹnwá ni mo wá fún."

"Dókítà ń ṣiṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Wọ́n ti la ikùn Wúràọlá, ọmọ ò tíì jáde. Ẹ lọ jókòó bí gbogbo èèyàn ṣe jókòó."

"Mi ò lè jókòó. Òǹtẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Ara ilẹ̀kùn ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni òfin ní kí n tẹ̀ ẹ́ sí."

Nọ́ọ̀sì wo òǹtẹ̀ náà, ó wo ojú Àrínpé. "Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn á gan bí igi? Ọwọ́ wọn wà nínú ikùn ọmọ ọlọ́mọ báyìí."

"Kó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà kó tó..."

"Kí wọ́n wá fi ọwọ́ lásán ṣe kí ni? Ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ wo ló tún ń gé nǹkan lọ́wọ́ lásán? Ẹ̀yin náà lẹ ṣòfin pé tí kò bá sí ìbọ̀wọ́ Ìgbìmọ̀, kí ọ̀bẹ kú."

"Dókítà mìíràn ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì Ráfátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn. "Ẹ ti lé èyí tó wà ní òkè kejì lọ lọ́dún tó kọjá. Èyí tó kù fún wa lẹ wá mú yìí. Ó dáa, ẹ̀sùn wo? Mo mọ òfin níwọ̀nba tèmi. Ẹ gbọ́dọ̀ kà á sí wa létí kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan mọ́ ilẹ̀kùn wa."

Òótọ́ ló sọ, òfin sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Àrínpé fúnra rẹ̀ kò mọ ẹ̀sùn náà. Aṣèwádìí á lọ, á gbọ́, á gbé ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ gbọ́ fún Ìgbìmọ̀, kò sì gbọdọ̀ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n sọ ọ́ dà. Òun ti wá síbí yìí ní ìparí ìgbà ooru tó kọjá. Ó ṣe bí aláìsàn, ó fi gèlè bo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ọmọ ìyá arúgbó kan lọ fẹ̀sùn kan dókítà pé ìyá òun kú sílé ìwòsàn. Ó bi dókítà ní ìbéèrè díẹ̀, dókítà sì dá a lóhùn dáadáa, kò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí.

Ó tẹ ẹ̀yìn òǹtẹ̀. Ohùn tirẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ohùn ẹni tí ara ń ni.

"Dókítà, kí lẹ ṣe fún Màmá Ọ̀jẹ́wùmí nígbà tí ooru mú gan-an?"

Ohùn dókítà sì tẹ̀ lé e: "Màmá? Mo pa wọ́n."

Ohùn náà gé síbẹ̀. Ohùn kẹta, ohùn ẹ̀rọ tó ń kọ ìdájọ́ fún Ìgbìmọ̀, wá bẹ̀rẹ̀: "Dókítà Akínfẹnwá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun pa wọ́n. Wọ́n ju ẹnì kan lọ. Òkú ẹnì kan ni a rí. A gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ títí ayé. Ìwádìí ń lọ lọ́wọ́ lórí àwọn òkú yòókù."



"Àwọn òkú yòókù wo?" ni bàbá arúgbó náà béèrè.

"Kò sí òkú kankan!" Nọ́ọ̀sì Ráfátù ti sún kúrò lára ilẹ̀kùn, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ Àrínpé. "Màmá Ọ̀jẹ́wùmí ni wọ́n ń pè ní wọ́n! Ìyá tó lè bí dókítà lọ́mọ. Ṣé kí dókítà máa wá pe ìyá àgbà ní 'ó' kí ẹ̀rọ yín lè mọ̀ pé ẹnì kan ni? Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ yẹn?"

Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí òǹtẹ̀ ọwọ́ Àrínpé.

"Ó tún kù. 'Mọ́' dà? Níbo lo gé 'mọ́' sí?" Ó ti yọ ẹ̀yin kúrò lẹ́nu, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sì gbọ́ pé ó yọ ọ́. "Èmi ni mo gbé omi tútù wá fún ẹ lọ́jọ́ náà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, mo pa wọ́n mọ́ sínú yàrá tútù. Ooru ń gbé àwọn arúgbó lọ káàkiri òkè yìí, dókítà mú màmá wọ inú yàrá tútù, wọ́n pa wọ́n mọ́ síbẹ̀ títí ooru fi rọlẹ̀. Ọjọ́ ogbó ló mú màmá lọ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń sùn ni. Etí, gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní mọ́."

"Etí kò gbọ́."

"Mọ́! Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí!"

"Etí kò gbọ́."

Àrínpé wo àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.  Bí aṣèwádìí bá ń fọ̀rọ̀ wá ẹni lẹ́nu wò, àtàǹpàkò á wà lórí ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ wọn nìyẹn: bí ẹni náà bá ti jẹ́wọ́, pa ìlẹ̀kẹ̀ dé, ohun tó bá tẹ̀ lé e, àwáwí ni. Ó rántí ọjọ́ náà dáadáa wàyí. Dókítà ní "mo pa wọ́n," àyà rẹ̀ já, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ ìlẹ̀kẹ̀ kí òun tó mọ̀. Ìgbà náà ni "mọ́ sínú yàrá tútù" wá wọlé sí etí rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, ó sì mu omi. Kò ronú lẹ́ẹ̀kan pé ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí òun létí lè má bọ́ sínú ìlẹ̀kẹ̀.

Ó kọjú sí igun ògiri, ó fi ìka kan ìlẹ̀kẹ̀. "Ọ̀gá Láníyọnu."

Ohùn ọ̀gá rẹ̀ wọlé sí i létí, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu. "Àrínpé. Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ náà ò pé, sà. Ó ku 'mọ́.' Èmi ni mo pa ìlẹ̀kẹ̀ dé kó tó sọ̀rọ̀ tán."

"Ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ gbọ́ la gbọ́."

"Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ."

"Etí tìẹ ò sí nínú òfin."

"Sà, ọmọ Yorùbá ni yín. Ẹ mọ̀ pé ìyá kan ṣoṣo ló ń pè ní wọ́n."

Láníyọnu rọra rẹ́rìn-ín. "Èmi mọ̀. Ẹ̀rọ tó kọ ìdájọ́ ni kò mọ̀. Ta ló fẹ́ lọ bá ẹ̀rọ jiyàn? Tẹ òǹtẹ̀ kó o máa bọ̀."

"Wọ́n la ikùn obìnrin sílẹ̀ nínú yàrá yìí. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó lè kú. Ọmọ rẹ̀ náà lè kú."

"Kì í ṣe ìwọ lo la ikùn rẹ̀."

"Ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi?"

"Kò sẹ́ni." Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ohun tá a tìtorí ẹ̀ fún yín ní ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lẹ́bi láyé, Àrínpé."

Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́, ó sì ti fi sùn dáadáa ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Lónìí, inú bí i sí i. Ṣé bí òun ṣe máa tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, tí Wúràọlá máa kú, tí òun máa wọ ọkọ̀ okùn padà sọ́fíìsì, tí wọ́n á sì bi òun bóyá òun ti jẹun?

"Tí mo bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ mi padà ńkọ́, sà?"

Láníyọnu kò jẹun mọ́. "Ẹni tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn kì í yí ọ̀rọ̀ padà. O máa kọ́kọ́ bọ́ ọ ni. Tó o bá sì bọ́ ọ, kò ní padà sọ́rùn ẹ mọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn tó o ti tẹ òǹtẹ̀ sí látẹ̀yìn wá, Etí máa gbọ́ ẹjọ́ wọn lónìí. Gbogbo wọn. Ilé tó ò ń gbé, tiwa ni. Inú ẹ̀wọ̀n lo ti máa darúgbó, mo sì fẹ́ràn ẹ débi pé mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn má dé àtàrí kó o tó tẹ̀ ẹ́."

Ohùn kan wá láti inú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ohùn ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kò ga.

"Ráfátù, ta ló wà níta tí ariwo pọ̀ báyìí?"

Nọ́ọ̀sì fi ẹnu sí ilẹ̀kùn. "Aláìpè ni, sà. Obìnrin tó wá gba omi mu lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́sí."

 Irin kan dún nínú àwo.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù. Ẹ wá àga fún wọn."

Nọ́ọ̀sì Ráfátù kò wá àga kankan. Ó yíjú padà, ó wo Àrínpé láti òkè délẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Mélòó ni ẹ́ tí wọ́n fi ń pè ẹ́ ní wọ́n?"

Àrínpé dúró. Ẹ̀rù ń bà á. Ó rò ó pé kí òun kàn dúró títí ọmọ á fi jáde, kí òun tó tẹ òǹtẹ̀. Wúràọlá á yè, ìlẹ̀kẹ̀ á wà lọ́rùn òun. Lẹ́yìn ìyẹn, Akínfẹnwá á jáde, á sì di apànìyàn títí ayé, wọ́n á máa gbẹ́ ilẹ̀ òkè yìí kiri láti wá òkú tí kò sí. Wúràọlá tó tún ń bọ̀ lẹ́yìn èyí kò ní rí ẹni tó máa là á. Ó gbé ọwọ́ tó mú òǹtẹ̀ sókè díẹ̀, Nọ́ọ̀sì Ráfátù na apá dí ilẹ̀kùn.

Ó kọjá lára nọ́ọ̀sì lọ síwájú Etí. Àwọn tó jókòó sún ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn.

"Àrínpé," ni Láníyọnu ń sọ nínú etí rẹ̀, "Àrínpé, gbọ́ mi."

"Mo bọ́ ọ," ni Àrínpé wí sókè, nítorí pé ohùn ẹni tó fi í sọ́rùn nìkan ni ìdè ìlẹ̀kẹ̀ ń gbọ́.

Ìdè náà tú. Ìlẹ̀kẹ̀ já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, iná rẹ̀ kú. Ohùn ọ̀gá rẹ̀ náà kú. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lọ́rùn níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti kàn láti ọjọ́ pípẹ́.

"Etí, Àrínpé Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ lorúkọ mi. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ wá Dókítà Akínfẹnwá lẹ́nu wò. Kò sọ pé òun pa wọ́n. Ó ní òun pa wọ́n mọ́. Èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ mi ló yá jù. Ẹnì kan ṣoṣo sì ni wọ́n. Màmá Ọ̀jẹ́wùmí ni."

Etí dákẹ́ pẹ́ títí, ó pẹ́ débi pé ìyá tó fa aṣọ mọ́ra dìde láti wò ó bóyá ó ti bàjẹ́.

"Etí gbọ́," ló wí.

Òǹtẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Àrínpé gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó sì di irin lásán. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un, kò sẹ́ni tó ní o ṣeun. Bàbá arúgbó náà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó rìn wá, ó sì dúró sẹ́yìn Àrínpé gbágbá, bí ẹni tó tò síbi tí wọ́n ti ń pọn omi.

"Má lọ síbì kankan o," ló sọ fún un. "Èmi ló kàn."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọmọ fi ké nínú yàrá. Igbe náà le, ó ń bínú. Àwọn obìnrin kan rọra sọ pé ẹ kú ewu, wọ́n sì tún dákẹ́ nígbà tí wọ́n rántí ẹni tó dúró láàárín wọn.

Dókítà Akínfẹnwá jáde nígbà tó yá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ewú ti wà ní ẹ̀bátí rẹ̀, ìbọ̀wọ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára wọn. Nọ́ọ̀sì Ráfátù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ro gbogbo ẹjọ́ fún un láìfi ohun kan pa mọ́. Bó ṣe ń rò ó, dókítà ń na ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan nínú ìbọ̀wọ́, ó ń wò ó bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ràn. Ó wá bọ́ wọn, ó lọ bá Àrínpé.

"Ṣé ìyá ọmọ wà dáadáa, sà?" ni Àrínpé béèrè.

Dókítà ká ìbọ̀wọ́ náà pọ̀. "Ẹ jókòó síwájú mi, ẹ ní ooru ń yọ yín lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n fún yín lómi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú."

"Ọwọ́ mi wà nínú ikùn obìnrin, ẹ dúró síta níbí, ẹ ń rò ó." Kò pariwo rárá. "Ẹ ń rò ó wò. Bóyá kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, bóyá kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́."

"Mo rò ó, sà," ni Àrínpé wí. Kò rí irọ́ kankan tó fẹ́ pa mọ́.

Dókítà mi orí. Ó yíjú sí bàbá arúgbó tó tò sẹ́yìn Àrínpé. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́."

"Ẹ ṣíwájú mi, dókítà," ni bàbá náà wí, ó sì yà fún un. "Ẹjọ́ tèmi ti pẹ́ nílẹ̀, kò ní sá lọ."

Akínfẹnwá dúró níwájú Etí. "Mo fẹ́ pe aṣèwádìí Ìgbìmọ̀ lẹ́jọ́, nítorí ọ̀rọ̀ mi tí wọ́n gé. Wọ́n wà lọ́dọ̀ mi níbí báyìí."

"Wọ́n," ni Etí wí. "Ẹnì kan ni, àbí wọ́n pọ̀?"

Dókítà ti la ẹnu láti dáhùn, ó pa á dé. Ó bojú wẹ̀yìn wo Àrínpé, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wò ó pẹ̀lú. Àrínpé rí Láníyọnu lójú inú rẹ̀ tó ń jẹun. Ó rí àwọn tó kọ́ wọn pé àwáwí ni ohun tó bá tẹ̀ lé ìjẹ́wọ́, àti àwọn tó gbé ìdájọ́ fún ẹ̀rọ tí kò mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

"Wọ́n pọ̀," ni Àrínpé wí. "Ọ̀gá wa wà níbẹ̀, Láníyọnu. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò pé, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́."

"Etí kò gbọ́."

"Láníyọnu. Òun ló ní..."

"Etí kò gbọ́."

Ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lọ́rùn Láníyọnu. Àrínpé fi ọwọ́ kan ọrùn tirẹ̀, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti fi ojú àpá sí. Nọ́ọ̀sì Ráfátù gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Bàbá arúgbó náà sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i.

"Ẹnì kan ni," ni Àrínpé wí.

"Etí gbọ́."